Nọ́ḿbà Tó Wà Lára Ike

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ní sùúrù, kó wá owó ṣílè ọdún 1921 méjì tó jọra bí ìbejì. Kó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fún owó àtijọ́ ní máàkì lónìí, kó fi èkejì ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ọ̀kan lè gba 64 nínú 70, kí èkejì gba 62. Ó sì lè jẹ́ pé èkejì kò ní gba nọ́ḿbà rárá. "Wọ́n ti fọ̀ ọ́" ni wọ́n á kọ sí i lára, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Níbi tí àwa tó ń kó owó fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ bá ti pàdé, yálà nídìí tábìlì àwọn oníṣòwò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní ọjà owó tí wọ́n máa ń ná nínú National Motorcycle Museum nítòsí Birmingham, ìyàtọ̀ 64 sí 62 yẹn la máa ń jiyàn lé lórí. "63 ni wọ́n fún tèmi. Ẹ wo ti lágbájá tí kò tó tèmi, 65 ni wọ́n fún un." Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Lójú tèmi, ìjà wa kò sí níbẹ̀. Kí nọ́ḿbà fi ẹyọ kan tàbí méjì gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀, èèyàn ló ń ṣe é, ojú èèyàn kì í sì í ríran bákan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìlà kan ló yẹ kó dúró gbọn-in: èyí tó ya owó tí ọjọ́ orí nìkan fọwọ́ kàn sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ọmọ aráyé ti fọwọ́ bà jẹ́. Ìlà yẹn gan-an ló sì ń mì jù lórí fàdákà Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ẹni tí kò mọ̀. Wàá fi owó rẹ ránṣẹ́, wàá san owó iṣẹ́. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta á wò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìmọ ẹni tó ni ín, lábẹ́ iná, pẹ̀lú awò lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni wọ́n ń lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á gbé ìdájọ́ wọn yẹ̀ wò, á sì fi òpin sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á dé owó náà mọ́ inú ike líle pẹ̀lú bébà kékeré tó ń sọ irú owó tó jẹ́, ọdún rẹ̀, àti nọ́ḿbà rẹ̀ láti 1 dé 70. Èyí tó bá gba 60 sókè, kò ná rí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ méjì ni orúkọ wọn ń mú owó tà jù: PCGS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní California lọ́dún 1986, àti NGC, tó tẹ̀ lé e lọ́dún 1987, tó wà ní Sarasota ní Florida báyìí.

Òṣùwọ̀n 70 yìí, wọn kò ṣe é fún fàdákà, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe é fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. William Sheldon ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1949 fún owó bàbà ńláńlá tí Amẹ́ríkà rọ láàrin 1793 sí 1814. Iye tí wọ́n ń ta owó náà ló fẹ́ kí nọ́ḿbà máa sọ: èyí tó gba 70 yẹ kó tó ìlọ́po àádọ́rin èyí tó gba 1. Kò pẹ́ tí ọjà fi yí padà, ìṣirò náà tú, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà kò lọ mọ́. Wọ́n gbé e lé orí gbogbo owó ayé. Ní ti Sheldon fúnra rẹ̀, 60, 65 àti 70 nìkan ló wà fún owó tí kò ná rí. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ló di àárín wọn, tí mẹ́ta fi di mọ́kànlá. Lọ́dún 2010, PCGS tún fi àmì àròpọ̀ kún un, kí owó kan lè jẹ́ 64 tó ju 64 lọ ṣùgbọ́n tí kò tó 65. Ojú ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mejì léraléra láìmọ̀ pé owó kan náà ni, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn tipẹ́, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: Fine, Very Fine, Extremely Fine, Uncirculated fún èyí tí kò ná rí, àti FDC fún èyí tí kò lábùkù kankan. Àwọn àgbà oníṣòwò ibí ṣì ń lò ó. Bí owó ti gbó tó ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń wò jù. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń ka àpá, wọ́n ń wo bí ó ti ń dán, wọ́n ń wò ó bóyá ó wu ojú. Ìdí nìyí tí owó tí wọ́n pè ní Extremely Fine ní Lọ́ńdọ̀nù fi máa ń gba nọ́ḿbà àádọ́ta àti díẹ̀ bó bá dé Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ń pè ní About Uncirculated, tí ẹni tí kò mọ̀ á fi rò pé wọ́n gbé e ga fún òun. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan, CGS, tó di LCGS nígbà tó yá, ṣe òṣùwọ̀n 1 dé 100 tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọjà àgbáyé kò tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ yẹn nítorí pé wọ́n fẹ̀. Ẹni tó sọ pé owó kan jẹ́ Extremely Fine kò díbọ́n pé òun ti wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ṣílè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ṣílè Ọba George Karùn-ún ni, nítorí kò sí owó tó ń dán ọgbọ́n àwọn afúnni-ní-máàkì wò tó o. Bertram Mackennal ló ya orí ọba náà, lẹ́tà B.M. wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀. Orí náà dára, ṣùgbọ́n ó ga ju bí ó ti yẹ lọ. Bí òǹtẹ̀ bá bọ́ lu fàdákà, orí ọba á fa fàdákà sọ́dọ̀, èyí tó kù lódìkejì kò ní tó láti kún ojú kìnnìún tó dúró lórí adé. Nítorí náà ṣílè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lábẹ́ òǹtẹ̀, tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì kàn, lè ní kìnnìún tí imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n ti ná an fún ogún ọdún. Nígbà míì òjìji orí ọba á hàn lẹ́yìn owó. Ilé ìrọwó ọba mọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n sì tún orí náà ṣe lọ́dún 1926. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwòrán tuntun tí George Kruger Gray yà wọlé.

Ní báyìí, ẹ fi ara yín sípò ẹni tó jókòó pẹ̀lú awò. Imú kìnnìún tẹ́. Ṣé ọwọ́ aráyé ló jẹ ẹ́ ni, àbí òǹtẹ̀ ni kò wọlé? Bó bá jẹ́ ọwọ́ aráyé, 55 ni. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀, 63 ni. Ọ̀nà láti mọ̀ wà: ibi tí òǹtẹ̀ kò dé á ṣì máa dán, ó sì lè ní àwọn àpá wínníwínní tó ti wà lára fàdákà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ibi tí ọwọ́ jẹ á ṣú, á sì yọ̀ bọ̀rọ́. Ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rẹpẹtẹ á dá a mọ̀ kíá. Àbúrò mi kan jókòó tì mí nígbà kan tí mò ń yí ọ̀kan síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nítorí imú kìnnìún lẹ ṣe ń náwó tó báyìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó tún dá kún un ni fàdákà fúnra rẹ̀. Títí di 1919, ìdá 92.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ni fàdákà gidi. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, fàdákà wọ́n débi pé èyí tó wà nínú owó fẹ́ ju iye tí wọ́n kọ sára owó lọ, ni ìjọba bá dín in kù sí 50 lọ́dún 1920. Bàbà ni púpọ̀ nínú ìyókù. Wọ́n fi omi kíkan fọ ojú rẹ̀ nílé ìrọwó kó lè funfun, ṣùgbọ́n bí funfun yẹn bá ti jẹ díẹ̀, àwọ̀ bíi pupa bíi yẹ́lò á yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n yí èròjà rẹ̀ padà lọ́dún 1922, wọ́n tún yí i padà lọ́dún 1927. Owó 1920 àti 1921 kì í dán bí ti 1911. Ẹni tó bá ń retí kó dán bẹ́ẹ̀ á rò pé wọ́n ti ṣe nǹkan sí i, nígbà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn.

Gbogbo èyí, ìmọ̀ ni yóò yanjú rẹ̀, ìmọ̀ sì wà. Kí àwọn tó ń máàkì ìdánwò WAEC tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ kó wọn jọ. Gbogbo wọn á máàkì ìwé kan náà, wọ́n á jiyàn lé e lórí títí máàkì wọn á fi sún mọ́ra. Lórí dọ́là Morgan, owó fàdákà àtijọ́ ti Amẹ́ríkà, irú ìsúnmọ́ra bẹ́ẹ̀ ti wáyé fúnra rẹ̀, nítorí owó yẹn pọ̀ lọ́wọ́ wọn ju ohunkóhun lọ. Ṣílè 1921 kò tó bẹ́ẹ̀ rárá lójú wọn. Àwọn tó mọ owó ilẹ̀ òkèèrè dáadáa wà níbẹ̀, n kò fẹ́ rẹ́ wọn jẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn á jókòó sípò rẹ̀, imú kìnnìún á sì di ọwọ́ aráyé.

Nípa owó tó ti ná gan-an, mo ṣàkíyèsí pé àríyànjiyàn kì í pọ̀. Ẹ wo owó fàdákà tí Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, rọ fún wa láti 1913 dé 1920: ṣílè méjì, ṣílè, sísì, tọ́rọ́. Kí wọ́n tó dé, ṣílè àti sísì Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni wọ́n ń ná ní Èkó. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn tó bọ́ sí ọwọ́ wa lónìí ti ná títí ó fi sú owó fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jà lórí pé Fine ni àbí Very Fine. Ó hàn gbangba. Owó tí kò ná, tàbí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ná, ni ìjà ń bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó ńlá wà.

Ibi tí mò ń lọ ni mo dé yìí. Fàdákà máa ń ṣú. Imí-ọjọ́ tó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú bébà, nínú páálí, á bá ojú rẹ̀ ṣe nǹkan, á di yẹ́lò, á di aró, á di dúdú. Lójú àwọn kan, ẹwà ni; lójú àwọn òbí wọn, ìdọ̀tí ni, wọ́n sì máa ń nù ún. Àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ tó ní àpótí onídúrọ́ọ̀ tí wọ́n fi igi mahogany ṣe, àkísà wà lọ́wọ́ wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì fa dúrọ́ọ̀ jáde, owó á yọ̀ díẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọba á fara kan nǹkan. Fún àádọ́jọ ọdún. Owó bẹ́ẹ̀ kò ná rí, kò wọ ọjà rí, síbẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ṣú. Níbí, wọ́n á ní àpótí ló ṣe é, wọ́n á sì tà á bí owó tí kò ná. Ní Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ 58, ó lè jẹ́ 62. Ó kù sọ́wọ́ ẹni tó wò ó.

Kíráùn Gothic ti 1847, owó fàdákà ṣílè márùn-ún tí William Wyon yà, ni ẹ bá kọ́kọ́ wò. 8,000 péré ni wọ́n rọ. Ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá fi ìka tàbí aṣọ nù ún láti ìgbà ayé Fìtóríà títí di òní, ìlà tín-ín-rín á wà níbẹ̀. Ta ni kò ní nù ún láti ọjọ́ yìí wá? Bó bá jẹ́ pé gbogbo èyí tó ní ìlà ni wọ́n máa kọ "wọ́n ti fọ̀ ọ́" sí lára, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò gba nọ́ḿbà. Nítorí náà wọ́n ń fojú fo ìlà díẹ̀, wọ́n á fún un ní 61 tàbí 62. Níbo ni díẹ̀ parí sí? Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Èyí tó burú jù ni kíráùn ìgbadé Ọba Edward Keje, 1902, èyí tí wọ́n ṣe lákànṣe fún àwọn akówójọ. 15,123 ni wọ́n ṣe. Ilé ìrọwó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ojú rẹ̀ kó má dán, ó rí bíi pé eruku wà lára rẹ̀. Àwọn tó rà á rò pé ó dọ̀tí. Wọ́n fi aṣọ nù ún kó lè dán! Láti ìgbà náà, èyí tí kò ní àmì ìnùnù kankan ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀kan tó ti ọwọ́ bàbá rẹ̀ àgbà wá. Ó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n ní wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọn kò fún un ní nọ́ḿbà. Nígbà tó yá, ó yọ ọ́ kúrò nínú ike, ó tún fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan náà. 62. Kò fọwọ́ kàn án láàárín ìgbà náà. Èyí kò jọ 62 àti 63 rárá. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó sọ pé owó náà ti bàjẹ́; ẹni tó tẹ̀ lé e ní kò bàjẹ́. Iye tí èèyàn máa san lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lè má tó ìdajì ti ìkejì.

Èyí tó tún ń pa mí lẹ́rìn-ín: oògùn olómi kan wà tí wọ́n ń ri fàdákà bọ̀, kí dúdú lè ká kúrò lójú rẹ̀. Ó ń ká díẹ̀ nínú ara fàdákà pẹ̀lú. Bí wọ́n bá rì í bọ̀ ní kíákíá, tó sì ṣì ń dán, wọ́n máa ń fún un ní nọ́ḿbà rere. Ẹ ò rí i? Èyí tí wọ́n fi àkísà nù díẹ̀ ní 1910, wọ́n ti fọ̀ ọ́; èyí tí wọ́n rì sínú oògùn lóṣù tó kọjá, ó mọ́. N kò sọ pé ìdájọ́ náà kò ní ìdí. Aṣọ ń fa ìlà, oògùn kì í fa ìlà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pe ọ̀kan ní fífọ̀, kí wọ́n wá dákẹ́ lórí èkejì.

Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀ pé èrò ọkàn ni iṣẹ́ wọn. Lọ́dún 1990, àjọ Federal Trade Commission ti Amẹ́ríkà pe PCGS lẹ́jọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń polówó pé ìdájọ́ wọn kì í yẹ̀, kò sì ní ojúsàájú. Wọ́n fi àdéhùn parí rẹ̀, PCGS sì gbà láti máa sọ fún àwọn oníbàárà pé fífún owó ní máàkì kò bọ́ lọ́wọ́ èrò ẹni tó ń fún un. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti sọ ọ́, ṣùgbọ́n nọ́ḿbà ni àwa ń kà.

N kò ní ṣàìsọ ibi tí wọ́n ti dára. Ààbọ̀ kíráùn ọdún 1905, 166,008 ni wọ́n rọ, ó wọ́n, nítorí náà ayédèrú rẹ̀ pọ̀. Kí èèyàn tó mọ̀ ọ́ dáadáa di ike mọ́ ojúlówó rẹ̀, ìyẹn tó owó tí mo san. Lórí bóyá owó jẹ́ ojúlówó, wọ́n ṣọ̀kan ju bí wọ́n ṣe ṣọ̀kan lórí ohunkóhun mìíràn lọ. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan ni wọ́n ń ṣe, n kò ní ráhùn.

Àbájáde gbogbo ìmìtìtì yìí ni òwò fífọ́ ike. Ẹni tó bá gba 64 tó rò pé 65 ló yẹ òun á fọ́ ọ, á tún fi ránṣẹ́, á tún san owó. Ọ̀pọ̀ kì í dá bébà àtijọ́ padà fún ilé-iṣẹ́, nítorí náà ilé-iṣẹ́ kò ní mọ̀ pé owó kan náà ló padà wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì ń gbé àkọsílẹ̀ jáde nípa iye owó kọ̀ọ̀kan tó ti gba nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan, èyí tí àwọn tó ń ta gbàǹjo máa ń fi ṣe ìpolówó: mẹ́rin péré ló wà ní 64, kò sí èyí tó ga jù ú lọ. Owó kan tí ẹni tó ni ín lé nọ́ḿbà kiri lẹ́ẹ̀mẹta lè jẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rin yẹn. Nítorí náà, bí mo bá rí irú ìwé gbàǹjo bẹ́ẹ̀, àwòrán àwọn owó náà tí wọ́n ti tà sẹ́yìn ni mo ń lọ wá. Mo ń wo àpá tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ọba, mo ń wo ibi tí dúdú ti bẹ̀rẹ̀ létí owó. Bí àpá bá jọra, owó kan náà ni, ohunkóhun tí wọn ì báà kọ sára ike.